Bí Ọdẹ́gbàmí Ṣe Wọ Igbó Ẹ̀bẹ̀ Lọ Wá Ẹni Tó Hun Àká

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yí mi ká, ẹ ká ẹsẹ̀ yín kò kí ìtàn ráyè kọjá. Ẹni tí òòyì máa ń kọ́, kí ó fara ti ògiri. Ẹni tí ẹ̀rín máa ń pa, kí ó gbé òkèlè ẹnu rẹ̀ mì, nítorí ìrìn-àjò tí mo fẹ́ rò yìí kì í dúró de ẹni tó ń jẹun. Ọdẹ́gbàmí ọmọ Akínjọbí ni ó rìn ín, baba tó kọ́ mi ní ìbọn yíyìn, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún kí ó tó jáde nílé lọ́jọ́ náà. Bí ó ti sọ ọ́ fún wa ní àgbàlá ọdẹ ni mo ṣe gbà á. Ibi tí ó bá ti fọ́nnu, èmi náà yóò fọ́nnu níbẹ̀, nítorí ẹni tí a rán ní ọbẹ̀ kì í yọ iyọ̀ rẹ̀ lọ́nà.

Ní ìlú wa, Òkè-Ẹtu, bí ọdẹ bá kú, ọjọ́ kẹtàdínlógún ni a ń ṣe ìpà fún un. Ìpà ni a fi ń gba iṣẹ́ ọdẹ lọ́wọ́ òkú kí ó lè lọ sinmi. Bí a kò bá ṣe é, òkú náà kò ní délé; yóò máa rìn láàrin igbó àti ìlú, ajá yóò máa gbó o, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì máa gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Àárín ìpà ni ìrèmọ̀jé wà, orin arò tí a fi ń pe àwọn baba ńlá òkú lọ́kọ̀ọ̀kan, títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ dá ọdẹ ṣe nínú ìdílé rẹ̀. A kò gbọdọ̀ fo ẹnìkan. Ẹni tí a bá fò ni yóò ti ilẹ̀kùn ọ̀run mọ́ òkú náà lójú.

Nígbà tí Ọdẹ́sànyà, Olúọ́dẹ wa, tó jẹ́ ọ̀gá fún Ọdẹ́gbàmí, dákẹ́, ìran mẹ́rìnlá ni a ní láti pè, òun nìkan ni ó sì mọ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí àyà rẹ̀ já. Baba náà ti gbọ́n fún ikú: kí ó tó kú, ó ti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ ọdẹ, ó ti sun ìrèmọ̀jé ìdílé rẹ̀ sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Ọ̀ṣúnfúnkẹ́, tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìlú, ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Òun ni ó fi Àká sínú ẹ̀rọ náà. Ètò orí kọ̀ǹpútà ni Àká. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ, kí ó máa kó o sínú àpótí kékeré kan tí kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ, kí ohun gbogbo má baà ṣòfò lọ́jọ́ ibi. Ẹnìkan kò tà á fún wa. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ṣówándé ni ó hun ún, ó fi ta gbogbo ayé lọ́rẹ, ó sì ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, pé kí ẹnikẹ́ni tó bá lè kà á wá wo bí òun ṣe hun ún, kí ó tún un hun bí ó bá bàjẹ́. Ní àràárọ̀ fún ọdún mẹ́jọ, Àká á kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé: “Mo ti kó o pamọ́. Kò séwu.”

Ní ọdún mẹ́ta ṣáájú ikú baba rẹ̀, Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ dìde láàrin àwọn ọdẹ, ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, ẹ jẹ́ kí a tú Àká wò lẹ́ẹ̀kan, kí a mọ̀ bóyá ohun tó ń kó wọlé ṣeé kó jáde.”

Ọdẹ́gbàmí ni ó dá a lóhùn. “Ọmọ ọ̀gá mi, ṣé o ti rí ibi tí wọ́n ti ń tú àpò ọdẹ wò bí ìgbà tí ìyàwó ń tú àpò ọkọ? Àpò tí ọdẹ bá so, ọjọ́ ìjà ni a ń tú u. Ẹni tó bá tú u ṣáájú, agbára inú rẹ̀ á fò lọ.” Ó na ọwọ́ sí àpò awọ tó wà ní èjìká rẹ̀. “Wo èyí! Ọdún karùn-ún rèé tí mo ti di ẹnu rẹ̀. Bí mo bá tú u lónìí, erin inú igbó á sùn lébi nítorí ẹ̀rù.”

Àwọn ọdẹ rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Èèwọ̀ ọdẹ ni lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fi èèwọ̀ àpò de Àká, tí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin náà sì wọmi.

Ní ọjọ́ kẹta tí Olúọ́dẹ kú, àrá sán lu ilé ẹgbẹ́. Kọ̀ǹpútà jóná kanlẹ̀. Ọdẹ́gbàmí fọwọ́ lu àyà, ó ní, “Ẹ gbé àpò náà wá! Ọjọ́ ìjà dé.” Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ yá ẹ̀rọ tuntun ní ilé-ẹ̀kọ́, ó so àpótí ẹ̀dà mọ́ ọn, ó pe Àká. Àká wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ pé: “N kò mọ ilé yìí. N kò mọ ìdè yìí.” Wọ́n pè é títí di ọ̀sán, ohun kan náà ni ó ń sọ. Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ kọ lẹ́tà sí Ṣówándé, ilẹ̀ mọ́, ìdáhùn kò wá. Nígbà tí ó lọ wo ibi tí ọkùnrin náà ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo ayé lè rí i, ọ̀rọ̀ tí ó bá lẹ́nu ilẹ̀kùn ni pé: “Mo ti wọ Igbó Ẹ̀bẹ̀ lọ. Ó rẹ̀ mí. Ẹ má wá mi.” Ó ti tó ọdún márùn-ún tí ó ti kọ ọ́ síbẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn ẹ̀rọ ayé ń dọ̀tun, Àká sì dúró sójú kan bí ẹni tí bàtà rẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ kò sunkún. Ó kọjú sí Ọdẹ́gbàmí, ó ní, “Bàbá, ẹ ní ọjọ́ ìjà ni a ń tú àpò. A ti tú u. Kí ni ẹ rí níbẹ̀?”

Ọ̀rọ̀ náà gún baba yìí ju oró àkekèé lọ. Ó wò ó pé òun ni òun fi ẹnu òun ti ilẹ̀kùn ọ̀run mọ́ ọ̀gá òun. Ó gbé ìbọn, ó gbé àpò, ó ní, “Ọmọ ọ̀gá mi, ó ku ọjọ́ mẹ́tàlá. Bí n kò bá mú ọkùnrin náà bọ̀, ẹ ṣe ìpà tèmi mọ́ ti bàbá rẹ.”

Ẹ má bi mí bí ó ṣe débẹ̀. Ẹni tó mọ ọ̀nà kì í ka òkúta. Ní ọjọ́ keje ikú Olúọ́dẹ, Ọdẹ́gbàmí wọ Igbó Ẹ̀bẹ̀.

Igi ibẹ̀ kò ní òdòdó, kò ní èso. Ewé nìkan ni wọ́n ní, ewé kọ̀ọ̀kan sì ní ẹnu. Ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń lo Àká kọ sí Ṣówándé ni ó di ewé níbẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ọdẹ ti kan ilẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀:

“Ọ̀gá, kò ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ tèmi o!”

“Ọ̀gá, tún un ṣe kí òní tó lọ, ọ̀gá ibi iṣẹ́ mi ń bínú!”

“Ìwọ Ṣówándé, ṣé o ti kú ni? Bí o bá ti kú, wí, kí a mọ̀!”

“Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, irú ìyà wo lo wá fi ń jẹ mí yìí?”

Wọ́n ń já lu Ọdẹ́gbàmí bí òjò. Ewé kan wúwo bí ẹrù igi. Wọ́n bò ó dé orúnkún, wọ́n bò ó dé ìbàdí. Ó yin ìbọn sókè. Ewé tuntun ọgọ́rùn-ún hù lójú ẹsẹ̀, wọ́n figbe ta: “Ìbọn ń dún níbí! Ọ̀gá, tún ìyẹn náà ṣe!” Ó pe ọfọ̀ tí ó fi ń rọ ẹkùn, ewé kan ní kí ó tún un pè lédè mìíràn, nítorí òun kò gbọ́ èyí.

Ẹ̀yin ará, èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ì bá ti kú síbẹ̀. Ẹ̀yin náà ì bá kú, pàápàá ìwọ tó ń mi orí lọ́ọ̀ọ́kán yẹn. Ṣùgbọ́n ojú ọdẹ kì í sùn nínú igbó. Láàrin ewé tó bò ó dé àyà, Ọdẹ́gbàmí rí ọ̀kan tó funfun, tó kéré, tí kò pariwo. Ó fà á yọ, ó gbé e sétí. Ewé náà rọra ń sọ pé: “Ẹ ṣé, ọ̀gá. Ó gba àwòrán ìyá mi là.” Bí ó ti mú un lọ́wọ́, gbogbo ewé yòókù fúyẹ́ bí ìyẹ́ àdàbà. Ó fi í sábẹ́ fìlà, ó rìn jáde. Nínú ewé tí kò níye, ọ̀kan ṣoṣo ni ó dúpẹ́.

Bí ó ti kúrò níbẹ̀ ni ó já sí ìlú kan tí odi rẹ̀ ti wó tì. Oníbodè jókòó lórí òkìtì odi náà, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ọ̀rẹ́, odi yín ti wó.”

“Kò séwu.”

“Ejò ń gun ẹsẹ̀ rẹ bọ̀.”

“Ó ti ń gùn ún tipẹ́. Kò séwu. Kòséwu ni orúkọ ìlú wa. Wọlé, kí ọba wẹ̀ ọ́ lójú.”

Omi kan wà lọ́wọ́ ọba wọn tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n bá fi wẹ ojú kò ní rí ìbàjẹ́ mọ́ títí ayé. Ìtẹ́ ọba náà, ikán ti jẹ ẹ́ tó fi jẹ́ pé ìjòyè mẹ́rin ni ó ń fi èjìká gbé Kábíyèsí dúró, òógùn ń bọ́ lára wọn, wọ́n sì ń sọ lọ́kọ̀ọ̀kan pé kò séwu. Wọ́n di Ọdẹ́gbàmí mú, wọ́n gbé igbá omi sún mọ́ ojú rẹ̀.

Baba yìí dọ̀bálẹ̀. “Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Àlejò kì í wẹjú kí ó tó jẹun. Ẹ bù fún mi nínú abà yín tí òkìkí rẹ̀ kàn dé ọ̀dọ̀ wa.”

Orí ọba wú. “Abà wa? Àádọ́rin ìdè ni ó wà lẹ́nu rẹ̀! Láti ayé bàbá mi ni a ti ń kó ọkà sínú rẹ̀, a kò tú u rí.”

“Kábíyèsí, ṣé kò séwu bí a bá tú u?”

Ọba kò lè sọ pé ewu wà. Kò mọ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n tú àádọ́rin ìdè. Ilẹ̀kùn ṣí, eruku fò jáde, kòkòrò méjì jáde tẹ̀ lé e, wọ́n rù hangogo. Ìyá àgbà kan wo inú abà, ó wo ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ní, “Ewu wà!” Ẹnìkejì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Láìpẹ́, gbogbo ìlú ń ké e bí orin ìṣẹ́gun: “Ewu wà! Ewu wà!” Wọ́n da omi náà nù, ọba fúnra rẹ̀ mú ọkọ́, wọ́n gbé Ọdẹ́gbàmí sọ́rùn ká ìlú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó fi gba ìlú kan là. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìbọn méjì nílé, ìlú mélòó lẹ ti gbà là?

Ṣùgbọ́n lórí ọrùn wọn níbẹ̀, ọwọ́ baba yìí ṣèèṣì kan àpò èjìká rẹ̀ tó ti di fún ọdún mẹ́jọ. Ó yára gbé ọwọ́ kúrò.

Ní ọjọ́ kejìlá ó dé odò tí iwin olójú méjì kan ń ṣọ́, ojú kan níwájú, ojú kan lẹ́yìn. Iwin náà ní, “Ọdẹ, já àlọ́ mi, tàbí kí o di ẹja. Kí ni gbogbo ìlú ń lò, tí kò ní ilẹ̀kùn, tí kò ní olúwa. Ọjọ́ tó bá bàjẹ́, gbogbo ìlú á bú ẹni tó là á, ẹnìkan kò sì ní mú ọkọ́?”

Ọdẹ́gbàmí bú sẹ́rìn-ín. “Ọmọdé ni ọ́! Ojú ọ̀nà odò ni. Ẹni tó kọ́kọ́ là á ti kú. Ẹni tó ń tọ̀ ọ́ ni ó yẹ kí ó máa ro ó. Àwa ọdẹ Òkè-Ẹtu kì í jẹ́ kí ọ̀nà igbó dí. Ọdọọdún ni a ń jáde ro ó.”

“Ó dára,” ni iwin náà wí, ó sì yí ojú ẹ̀yìn sí iwájú. “Bí o bá ti mọ èyí, kí lo ń wá lọ sọ́dọ̀ Ṣówándé?”

Ó pòórá. Odò gbẹ. Ọdẹ́gbàmí kọjá, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà bá a kọjá pẹ̀lú.

Abẹ́ igi kan ní òdìkejì ni ó ti bá Ṣówándé. Ọkùnrin náà kò dàgbà, àárẹ̀ ni ó sọ ọ́ di arúgbó. Abẹ́rẹ́ gígùn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó fi ń tún Àká ṣe. Ìka rẹ̀ ti gan mọ́ ọn, kò lè jù ú sílẹ̀. Lójú ọ̀run tó wà lórí rẹ̀, ewé ẹlẹ́nu ń fò bọ̀ láti gbogbo ayé, wọ́n ń bà lé e léjìká.

“Àlejò,” ni ó wí láìgbé ojú sókè, “kí ni kò ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ tìrẹ?”

“Dìde, a ń lọ sílé wa. Olúọ́dẹ wa ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọ̀run.”

“Ẹgbẹ̀rún ènìyàn ti ní kí n dìde. Nígbà tí ilé ìyá mi jó, tí àwòrán rẹ̀ jó mọ́ ọn, ni mo hun Àká, kí irú rẹ̀ má baà ṣe ẹlòmíràn. Mo fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n gbà á, wọ́n jókòó tì í, wọ́n sì ń pè mí lọ́sàn-án lóru. Mo sá wá síbí, abẹ́rẹ́ bá mi wá.”

Ọdẹ́gbàmí dì í mú láti gbé e sí èjìká. Ẹni tó ti dá akọ ẹfọ̀n gbé rí, kò lè gbé ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ yìí! Ó fà á, ilẹ̀ mì. Ó tún un fà, orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀. Ẹrù gbogbo ayé ni ó wà lọ́rùn onítọ̀hún. Ibẹ̀ ni ó wà lórí ìkúnlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ iwin fi yé e, ó sì tún rántí ohun tí àwa ọdẹ nìkan lè rántí.

Ó ní, “Ṣówándé, àṣìṣe ni mo ṣe. Mo wá mú ọ bọ̀ sẹ́nu iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ìpà ni ẹnìkan kò ṣe fún ọ. Ẹnìkan kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Òkú ọdẹ tí a kò ṣe ìpà fún ni í máa rìn kiri. Ó ṣe ìwọ láàyè.”

Ó dìde, ó ṣí fìlà, ó fi ìdí ìbọn kanlẹ̀, ó sì sun ìrèmọ̀jé fún alààyè, èyí tí ẹnìkan kò ṣe rí:

“Ṣówándé, ọmọ ìyá tí iná jó àwòrán rẹ̀,
ó hun abà fún ìlú tí kò dé rí,
ó ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kò kí i rí.
Oko tí o ro ti tó, sọ ọkọ́ kalẹ̀;
ẹni tó ń jẹ níbẹ̀ ti dé láti wá ro ó.”

Ó na ewé funfun sí i. Ṣówándé gbé e sétí. Ó gbọ́ ọ. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ìka rẹ̀ ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, abẹ́rẹ́ sì bọ́ sọ́wọ́ Ọdẹ́gbàmí. Gbogbo ewé tó wà lójú ọ̀run dákẹ́.

“Báwo ni a ó ṣe ṣí Àká?” ni ọdẹ bèèrè.

Ṣówándé rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. “Ó ti ṣí láti ọjọ́ tí mo ti hun ún. Ẹrù yín kò sọnù. Nígbà tí mo ń di ìdè rẹ̀, láti ọ̀tún ni àwọn ẹ̀rọ ayé ìgbà náà ń kà á. Láti òsì ni ti ìsinsìnyí ń kà á. Mo ti kọ ọ́ sínú yàrá kẹta Àká, bí a ṣe ń yí i padà. Ṣé kò sẹ́ni tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà nílùú yín ni?”

“Ó wà. Ó fẹ́ wọlé wò ó ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, èmi ni mo dí i lọ́nà.”

“Ẹ jẹ́ kí ó wọlé,” ni Ṣówándé wí. Ó na ara, ó sùn sábẹ́ igi náà, oorun ẹni tó ti parí iṣẹ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹtàdínlógún ni Ọdẹ́gbàmí wọ Òkè-Ẹtu. Àwọn ọdẹ ti tò síta, ìbọn wọn kọjú sílẹ̀. Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀.

“Bàbá, ọkùnrin náà dà?”

“Mo ti tú u sílẹ̀.” Ó fi abẹ́rẹ́ náà lé e lọ́wọ́. “Ìwọ ni mo lọ wá, ọmọ ọ̀gá mi. Wọ yàrá kẹta.”

Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ wo abẹ́rẹ́, ó wo baba àgbàlagbà tó dí i lọ́nà lọ́jọ́sí, ó rí i pé ó ti tẹ orí ba. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ó wọ inú Àká, ó kọjá yàrá kìíní àti èkejì, ó dé ẹ̀kẹta, ó sì bá ọ̀rọ̀ Ṣówándé níbẹ̀ bí ó ti wí. Ìlà mọ́kànlá ni ó tún hun. Ó bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, oòrùn ti wà ní àtàrí, Àká kọ ọ́ pé: “Mo mọ ilé yìí.”

Ohun tí a kọ́kọ́ gbọ́ ni ikọ́. Gbogbo wa wo ẹ̀yìn ògiri. Lẹ́yìn náà ni ohùn Olúọ́dẹ jáde nínú ẹ̀rọ, ó ga ketekete: “Ọ̀ṣúnfúnkẹ́, ṣé nǹkan yìí ti ń gbọ́ mi? Ó ti ń gbọ́? Ọdẹ́gbàmí, yé fọ́ ẹ̀pà sí mi létí, mo fẹ́ pe àwọn baba mi!”

Ẹ̀rín àti ẹkún dà pọ̀ ní àgbàlá. Baba náà pe ìran mẹ́rìnlá, àwa náà ń gbè é, kò fo ẹnìkan. Bí ó ti pe ẹni ìkẹyìn, ìbọn mẹ́tàdínlógún dún lẹ́ẹ̀kan náà, a sì ṣe ìpà rẹ̀ pé pérépéré. Láti ọjọ́ náà, ajá kan kò gbó lẹ́yìn ògiri.

Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ fi ìlà mọ́kànlá náà ránṣẹ́ sí ibi tí gbogbo ayé ti ń mú Àká, kí ẹni tí ìdè há mọ́ lọ́wọ́ níbikíbi lè rí tirẹ̀ tú. Ìdáhùn kan wá láti ìlú tí ẹnìkan nínú wa kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni: “Ẹ ṣé.” A kàn án mọ́ ògiri àgbàlá. Láti ìgbà náà, ọjọ́ tí a bá jáde ro ọ̀nà igbó lọ́dọọdún, a kì í wálé jẹun títí a ó fi tú Àká, tí a ó sì gbọ́ ikọ́ baba náà.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a ṣe é, Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ wo èjìká Ọdẹ́gbàmí. “Bàbá, ó ku àpò kan.”

Baba yìí kọ́kọ́ fẹ́ bínú. Ó wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó tú ẹnu àpò náà, ó sì da ohun inú rẹ̀ sílẹ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ̀tù ìbọn tí ó ní erin ń bẹ̀rù ti di ẹrẹ̀, ó sì ti le bí òkúta. Oògùn rẹ̀ hu irun. Eku kan bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà, ó wo àwọn ọdẹ lójú bí onílé tí a jí lójú oorun, ó kó ọmọ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀rín pa wá dé ilẹ̀. Ọdẹ́gbàmí ni ó rín jù. Ó gbọn àpò náà mọ́, ó rọ ẹ̀tù tuntun sínú rẹ̀, kò sì di ẹnu rẹ̀ mọ́. Ibi tí ó sọ ọ́ dé rèé; ẹ gbé e délé, kí kálukú lọ tú tirẹ̀ wò.